Òòlù Mẹ́rin, Kí La Máa Jẹ

Lọ́jọ́ tí Ìyá Olóòlù pinnu láti kọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, ọkọ ọ̀hún wà lábẹ́ omi. Èyí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yá bó ṣe yẹ kó yá. Èèyàn kò lè kọ ẹni tí kò tíì gòkè sílẹ̀. Ó ní láti dúró tì í, kó máa ṣọ́ rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ lọ bá a, kó máa tú okùn fún un, kó sì máa wo omi tó ń hó lókè orí rẹ̀, kó lè mọ̀ pé ẹni tí òun fẹ́ kọ̀ ṣì ń mí. Ó ti di ẹrù rẹ̀ láàárọ̀. Mọ́tò tó máa gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin nílùú kejì máa gbéra nírọ̀lẹ́. Ohun tó kù ni ìdí ọkọ̀ ńlá kan tí wọ́n ti gba iṣẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ fá tán.

Iṣẹ́ wọn nìyẹn. Ohun tó ń gbé inú omi fẹ́ràn ìdí ọkọ̀: ìkarahun, ewé odò, àti àwọn nǹkan gbọọrọ kan tí kò lórúkọ téèyàn lè pè níwájú ọmọdé. Tí wọ́n bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, ọkọ̀ á wúwo, á máa wọ́ ara rẹ̀ bí aboyún tí oṣù rẹ̀ ti pé. Ọkọ Ìyá Olóòlù, ẹni tí gbogbo èbúté ń pè ní Bàbá Abẹ́-Omi, á wọ awò ojú, á fi rọ́bà afẹ́fẹ́ sẹ́nu, á sọ̀ kalẹ̀ sínú omi, á sì fi irin pẹlẹbẹ kan fá gbogbo rẹ̀ kúrò. Ìyàwó rẹ̀ á jókòó sínú ọkọ̀ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ńlá náà, á di okùn mú. Tí wọ́n bá bi í pé iṣẹ́ wo ni ọkọ rẹ̀ ń ṣe, á ní, "Ìdí ló ń fọ̀ fáyé," á sì dúró kí ẹni náà rẹ́rìn-ín. Tí ẹni náà kò bá rẹ́rìn-ín, òun á bá a rín in.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí ìbàdí rẹ̀ ṣì gba inú ọkọ̀ kékeré láìsí ìjà, ó rò pé ẹnu òun tó. Ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn kékeré. Tó bá kí èèyàn ní òdìkejì títì, ajá ló máa kọ́kọ́ dá a lóhùn. Ó tẹ̀ sétí ọkọ̀, ó pariwo sínú omi pé kí ọkọ òun máa bọ̀. Ọkọ kò bọ̀. Ó tún pariwo. Àwọn ẹyẹ fò kúrò lórí òpó. Àwọn tó wà ní bèbè dìde wá wò ó bóyá ọmọ ló fẹ́ bí. Ìgbà tó wu ọkọ rẹ̀ ló gòkè, ó ní òun kò gbọ́ nǹkan kan tó jọ ohùn èèyàn. Bí wọ́n ṣe mọ̀ nìyẹn pé ilẹ̀kùn ni ojú omi jẹ́ fún ohùn ẹnu: ohùn á kàn án, á sì padà sílé. Ṣùgbọ́n téèyàn bá fi òòlù lu ara ọkọ̀, irin á gbé ìró náà wọlé, omi á gbà á lọ́wọ́ irin, á sì sáré gbé e lọ ju bí afẹ́fẹ́ ṣe lè gbé e lọ. Ó ra òòlù. Kò pẹ́ tí orúkọ fi bá òòlù dé.

Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni òòlù náà mọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan: ṣé kò sí? Ẹ̀ẹ̀mejì: mo ti tú okùn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta: máa bọ̀ lókè. Ọkọ á fi irin ìfá rẹ̀ dá a lóhùn láti ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ máa ń gùn lórí omi, ẹnu sì máa ń yún obìnrin yìí. Nígbà tó yá, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin di "kí la máa jẹ?" Ẹni tó bá dáhùn lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀wà ló fẹ́, ẹni tó bá dáhùn lẹ́ẹ̀mejì, ìrẹsì ni. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún di "o hanrun mọ́jú." Ọkọ ló dá ẹ̀ẹ̀mẹ́fà sílẹ̀ fúnra rẹ̀, lọ́jọ́ kan tí ẹ̀wà ti ṣíwájú rẹ̀ wọmi, ó túmọ̀ sí pé omi tó ń hó lókè yẹn, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ti ẹnu wá. Ẹ̀ẹ̀méje, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún wọn. Ìgbà tí orúnkún wọn ṣì gbọ́ràn ni wọ́n dá a sílẹ̀, wọn kò sì tíì fagi lé e.

Nílé, "ẹ" ni Ìyá Olóòlù máa ń lò fún ọkọ rẹ̀, bí obìnrin tí wọ́n kọ́ tó sì gbẹ̀kọ́. Tí inú bá bí i, "ẹ" á di "o" láìrò tẹ́lẹ̀. Òòlù kò mọ ẹ, kò mọ o. Bóyá ìyẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n jà lórí omi rí.

Ilé ni ìjà ti wá. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí Bàbá Abẹ́-Omi kò dá ìyàwó rẹ̀ lóhùn mọ́. Kì í bínú, kì í fajú ro. Ìyàwó á ní, "Ṣé ẹ ti jẹun?" ọkọ á rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyàwó á ní, "Ẹ bá mi sọ ìkòkò yìí kalẹ̀," ọkọ á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, oòrùn yìí mú." Ìyá Olóòlù gbà pé ẹ̀gàn ni. Ìyá tó bí i ti sọ fún un kó tó wọlé ọkọ pé ọkùnrin tó bá ń nani, èèyàn lè sá fún un, ṣùgbọ́n èyí tó bá ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ẹni, kò sẹ́ni tí wọ́n lè fẹjọ́ rẹ̀ sùn tí kò ní sọ pé ọkọ rere ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀ nílé ìdáná, níbi tó ti ń fọ abọ́. Ó ti ro ọ̀rọ̀ náà títí tó fi dán bí ṣíbí. "Mò ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi," ó ní. "Mi ò sì ní padà wá mọ́." Bàbá Abẹ́-Omi ṣan abọ́ kan, ó dojú rẹ̀ dé, ó mú òmíràn. Ó ń fi imú kọrin. Ká ní ó gbá a létí ni, ìyàwó ì bá mọ ohun tó máa fi san án. Àtọjọ́ náà, kò kan nǹkan kan sísàlẹ̀ mọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Iṣẹ́ ni iṣẹ́. Ó kù sí ọwọ́ oníkálukú láti wá ohun tó máa jẹ.

Ọjọ́ tí à ń wí yìí, kò tíì pẹ́ tí ọkọ wọmi tí ìró ti dé láti ìdí ọkọ̀, kò le jù, ó mọ́ ketekete: ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ìyá Olóòlù ń wo ojú omi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tún dé. "Máa jẹ irin ọwọ́ ẹ," ó sọ ọ́ sínú afẹ́fẹ́, níbi tó mọ̀ pé kò lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bá wí. Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn, ọkọ ń bèèrè, ìyàwó ń wòkè, títí ọkọ̀ kékeré mìíràn fi sún mọ́ wọn. Òmùwẹ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní òdìkejì èbúté ló wà nínú rẹ̀, baba ọlọ́mọ mẹ́ta, tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́sẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ nítorí bàtà rọ́bà fífẹ̀ tó máa ń wọ̀ rìn káàkiri, títí kan ilé ìfowópamọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, Mama."

"Kú iṣẹ́. Ṣé kò sí?"

"Kò sí, ma. Wọ́n ní kí n wá bẹ̀ yín ni."

"Àwọn wo?"

"Àwa tá a wà nísàlẹ̀." Ó nu imú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá Bàbá lóhùn. Ẹ̀wà ni o, ìrẹsì ni o, ẹ ṣáà mú ọ̀kan. Àtàárọ̀ ni wọ́n ti ń bèèrè. A ò ráyè ṣiṣẹ́."

Ìyá Olóòlù wo òdìkejì èbúté níbi tí ọkùnrin yìí ti wá. Ibẹ̀ jìnnà débi pé tí ẹnì kan bá dúró níbẹ̀ tó ń juwọ́, èèyàn kò ní mọ̀ bóyá ènìyàn ni àbí òpó.

"Ta ló sọ fún ẹ pé ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, oúnjẹ ni?"

"Mama, ta ni ò mọ̀? Ohun tẹ́ ẹ bá kàn níbí, bí ẹni pé inú agbárí mi lẹ ti kàn án ni. Gbogbo èbúté ló ń gbọ́ ọ, gbogbo ẹni tórí ẹ̀ bá ṣáà ti wà lábẹ́ omi. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, èdè yín la fi ń kọ́ ọ."

"Ẹ mọ ẹ̀ẹ̀márùn-ún?"

"Ìhanrun, ma."

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ńkọ́?"

"Ìyẹn máa ń pa wá lẹ́rìn-ín, rọ́bà á fẹ́ bọ́ lẹ́nu wa."

Ìyá Olóòlù fi etí aṣọ nu ojú tí kò làágùn. Ẹlẹ́sẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ wo bàtà rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀méje náà, ma," ó ní. "Ṣùgbọ́n tó bá ti di ìyẹn, a máa ń fẹ́ gbé etí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

"Ẹ̀gbẹ́ wo?"

"Wàhálà ibẹ̀ nìyẹn. Kò sẹ́gbẹ̀ẹ́ nísàlẹ̀. Bíi pé ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń wọ etí méjèèjì. Èèyàn ò mọ ibi tó ti wá, kò wá mọ ibi tó máa kọ ẹ̀yìn sí."

Ìyá Olóòlù ro gbogbo ohun tó ti kàn sínú omi yẹn láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó rántí ọ̀sán ọjọ́ kan tó kan ẹ̀ẹ̀méje tí ọkọ rẹ̀ kò dáhùn, tó tún un kàn, tó wá fi gbogbo agbára apá tún un kàn lẹ́ẹ̀kẹta. Ó rántí pé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn òmùwẹ̀ ní bèbè dìde dúró nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń kọjá, bí ẹni tó ń kí ọba. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ìdí rẹ̀, ó gba ikùn, ó dé èjìká, ọkọ̀ kékeré náà sì ń jó lórí omi.

"Ẹ ò sì lè sọ fún mi, ẹ̀yin oníyẹ̀yẹ́ wọ̀nyí."

"Ta ló máa kọ́kọ́ yanu, ma?" Ó dúró kó rẹ́rìn-ín tán. "Ohun tó ń yà wá lẹ́nu ni pé nísàlẹ̀, aláròyé ni Bàbá. Tá a bá wá gòkè, tá a jókòó sí bèbè, ẹ̀rín nìkan ni wọ́n ń rín. Níjẹta, mo sọ fún wọn pé ìyá ìyàwó mi ti kú. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n bá wọn kí i."

Ẹ̀rín Ìyá Olóòlù dúró síbi tó wà.

"Wọ́n ní kí o bá wọn kí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma. Mo ní màá jíṣẹ́."

Nínú ọkàn rẹ̀, Ìyá Olóòlù rí ẹ̀yìn ọkùnrin kan tó tẹ̀ba sórí abọ́. Ó rí rédíò tó ń ké títí aládùúgbò fi kanlẹ̀kùn, tí ọkọ rẹ̀ jókòó tì í bí ẹni pé ó dákẹ́. Ó rí ojú tó máa ń wo ètè òun nígbà oúnjẹ, èyí tó ti rò pé ọbẹ̀ tó dà sí òun lẹ́nu ló ń wò.

"Di okùn yìí mú," ó ní.

Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ lórí omi, kò tíì ki orí bọ omi rí. Igbá ló fi ń wẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí omi, ó di àkàsọ̀ irin tó wà lára ọkọ̀ ńlá mú, ó bẹ Ẹlẹ́sẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ pé kó wo ibòmíràn, ó sì ń sọ ìdí rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń já ọjà olówó iyebíye. Omi dé orúnkún, ó dé ìgbáròkó, ó dé ibi tí kò sẹ́ni tí omi tútù ń dé tí kò ní pe orúkọ ìyá rẹ̀. Ó pè é. Ó di imú mú, ó sì ki orí bọ̀ ọ́.

Ohun tó kọ́kọ́ gbọ́ ni ara rẹ̀, ikùn tó ń kùn, eyín tó ń pàdé eyín. Lẹ́yìn náà ni gbogbo èbúté wọlé. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan tí kò rí rí ń ròyìn ara rẹ̀. Ṣéènì ń wọ́ lórí òkúta. Nǹkan kéékèèké ń ta pẹ́pẹ́pẹ́ bí epo tó gbóná, àwọn ẹran tó lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ ni, tí wọ́n ń ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe. Irin ń ha irin níbìkan, tàbí níbi gbogbo. Kò sí èyí tó jìnnà, kò sí èyí tó sún mọ́. Gbogbo wọn jókòó sáàárín orí rẹ̀ bí àlejò tí ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ pè. Ó yí orí sọ́tùn-ún, wọn kò sún. Ó yí i sósì, wọn kò sún. Láàárín wọn ló ti wá gbọ́ ọ, ó mọ́ ju gbogbo wọn lọ, bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló ń bi ara rẹ̀ léèrè: ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ó dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń tẹ́tí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin.

Ìyá Olóòlù gbé orí sókè, ó pòṣé omi jáde. Ẹni tó ń gan èèyàn kì í bèèrè ohun tí wọ́n jọ máa jẹ. Ó na ọwọ́ gba òòlù, ó kan ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

Bàbá Abẹ́-Omi gòkè, ó fọwọ́ méjèèjì di etí ọkọ̀ kékeré mú, ó kọ ẹ̀yìn sí àkàsọ̀. Ó yọ rọ́bà lẹ́nu, ó ń mí. Kò mọ̀ pé ìyàwó òun wà lẹ́yìn òun nínú omi, nítorí pé kò sí ìdí kankan láyé tó fi yẹ kó wà níbẹ̀.

"Bàbá," Ìyá Olóòlù wí lẹ́yìn rẹ̀, "iná ń jó ọkọ̀ wa."

Ẹlẹ́sẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ fò dìde. Bàbá Abẹ́-Omi tutọ́ sómi.

"Orí ẹ rí bí ìdí ìkòkò," ìyàwó ní. Bàbá Abẹ́-Omi fọwọ́ họ orí ọ̀hún.

Ìyàwó fẹ́ sún mọ́ ọn kó fọwọ́ kàn án léjìká. Àkàsọ̀ irin tó ti pẹ́ nínú omi kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé ìbàdí ńlá lé láìbẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó ṣubú lé ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn, àgbọ̀n rẹ̀ sì balẹ̀ gbì sí àtàrí rẹ̀.

"Ọkùnrin yìí máa pa mí," ó ní, eyín rẹ̀ pa pọ̀.

"Mi ò fọwọ́ kàn ẹ́," ọkọ rẹ̀ ní. "Ìwọ lo wà lórí mi."

Ìyá Olóòlù gbé àgbọ̀n kúrò. "Kí lẹ wí?" ó bèèrè. Kò rí èsì. Ó dá àgbọ̀n padà sórí àtàrí. "Kí lẹ wí?"

"Mo ní mi ò fọwọ́ kàn ẹ́."

Ó gbé àgbọ̀n kúrò. "Ìrẹsì ni." Ọkọ̀ kan fun fèrè. Ó dá a padà. "Ìrẹsì ni."

"Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí mo ti ń bèèrè," Bàbá Abẹ́-Omi ní.

"Egungun ni, ma," Ẹlẹ́sẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ sọ látòkè. "Egungun orí la fi ń gbọ́ràn nísàlẹ̀, kì í ṣe ihò etí. Wọ́n sọ ọ́ fún wa nígbà tá a ń kọ́ṣẹ́. Mo rò pé torí ìdánwò ni wọ́n ṣe sọ ọ́." Ó wá rí i pé òkè ní ẹ̀gbẹ́, ó sì kọ ẹ̀yìn sí wọn.

"Látìgbà wo ni?" Ìyá Olóòlù bi àtàrí ọkọ rẹ̀.

"Díẹ̀díẹ̀ ni. Etí òkè ló ń lọ. Ti ìsàlẹ̀ wà níbẹ̀."

"Ẹ ò sì sọ."

"Tí mo bá sọ, ọ̀gá èbúté á ní kí n má wọmi mọ́." Ó ń bá ara ọkọ̀ sọ̀rọ̀, kò lè yíjú, ìyàwó wà lọ́rùn rẹ̀. "Tí mi ò bá wọmi mọ́, ibo ni màá ti máa gbọ́ ẹ? Ìsàlẹ̀ nìkan ló kù. Lọ́sẹ̀ yìí, o wá dákẹ́ níbẹ̀ náà. Mo ní ọ̀rọ̀ mi ti sú ẹ nìyẹn."

Ojú Ìyá Olóòlù tutù, ṣùgbọ́n ó ti wọmi tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bi í.

"Mo ti di ẹrù mi," ó ní. "Mo sọ fún yín pé mò ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ wa, mi ò ní padà. Ẹ ń fọ abọ́."

Bàbá Abẹ́-Omi rò ó. "Kí ni mo fèsì?"

"Ẹ dojú abọ́ dé."

"Èwo nínú abọ́?"

"Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Mo fẹ́ rántí ọjọ́ náà ni. Ṣé o ṣì ń lọ?"

"Ẹsẹ̀ mi ti há sínú àkàsọ̀ yìí. Ẹ kọ́kọ́ tì mí gòkè ná."

Ọkùnrin méjì ló ṣe é, ọ̀kan ń fà, ọ̀kan ń tì. Ẹlẹ́sẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ sọ fáwọn ará ìsàlẹ̀ lẹ́yìn náà pé ìdákọ̀ró tí òun ti bá wọn fà gòkè rí fúyẹ́ jù ú lọ.

Ìrọ̀lẹ́ bá wọn nílé. Bàbá Abẹ́-Omi jókòó sórí àpótí, ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí àga gíga lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé àgbọ̀n lé e lórí. Ó ti sọ fún un pé tílẹ̀ bá mọ́, ọ̀dọ̀ dókítà elétí ni, wọ́n á sì gba ti ọ̀dọ̀ ọ̀gá èbúté kọjá. Tí wọ́n bá ní kó má wọmi mọ́, kò ní wọmi mọ́. Bàbá ní òun gbọ́. Ó pẹ́ tó ti sọ bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn kó sì jẹ́ òótọ́.

Fóònù dún. Ọmọ wọn ni.

"Mọ́mì, ẹ ti wọ mọ́tò?"

"Mi ò wọ̀ ọ́."

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé Dádì ní kẹ́ ẹ má wá ni?"

"Dádì ẹ ò sọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń gbọ́."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Wọ́n ní kí n tún gbogbo ohun tí mo ti sọ nínú ilé yìí sọ, látìgbà tí etí wọn ti ń lọ. Wọ́n ní kí n má fo ọ̀kan."

Ọmọ náà mọ ìyá rẹ̀. "Gbogbo ẹ̀?"

"Èébú kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ fò. Wọ́n ní àwọn ò gbà."

"Ṣé ká máa retí yín lọ́la nígbà yẹn?"

"Lọ́la kẹ̀," Ìyá Olóòlù ní. "Ọ̀rọ̀ oṣù kejì la ṣì ń sọ."